Oníbodè Ẹ̀kọ́ Gíga: Láti Orí Lẹ́tà dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ayé àtijọ́, ìlú Yorùbá tí ó bá tóbi a máa ní odi, odi náà a sì máa ní ẹnu ibodè. Ní ẹnu ibodè kọ̀ọ̀kan ni oníbodè máa ń jókòó sí, tí yóò máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tí ó ru ẹrù wọ̀lú. Ọjà tí ó wà nínú ìlú kò ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má wá. Gbogbo ènìyàn ni ọjà ń pè. Ṣùgbọ́n alájàpá tí kò bá ní owó ibodè lọ́wọ́ yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn odi, yóò sì máa gbọ́ ariwo ọjà láti ọ̀ọ́kán. Àpèjúwe yìí ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí pé íntánẹ́ẹ̀tì ti wó odi ilé-ẹ̀kọ́ gíga lulẹ̀, pé ọmọ àgbẹ̀ tí ń gbé abúlé àti ọmọ olówó tí ń gbé Ìkòyí ti di ẹgbẹ́ ara wọn níwájú ìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni a ti ń gbọ́ ọ. A gbọ́ ọ nígbà tí lẹ́tà dé, a sì tún gbọ́ ọ nígbà tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dé. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ìtàn ẹ̀kọ́ gíga láti ọ̀nà jíjìn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e wá títí di ìgbà tí ó ń gba inú fóònù wọlé. Èrò wa ni pé nígbàkigbà tí odi kan bá wó, oníbodè kì í kú. Àga rẹ̀ ni ó máa ń gbé lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ kan ṣí sílẹ̀ fún tolówó ttálákà, kí ó má ṣe wo ẹ̀rọ tí ó gbé ẹ̀kọ́ náà wá nìkan. Kí ó béèrè ibi tí oníbodè jókòó sí, kí ó sì béèrè iye tí ó ń gbà.

Kí a tó ní yunifásítì kankan nílẹ̀ yìí, òkè òkun ni ẹni tí ó bá ń fẹ́ oyè ní láti lọ, àfi bí ó bá gba Fourah Bay lọ. Ọdún 1827 ni ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Freetown, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1876 kí Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á mọ́ra, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi lè gba oyè. Ọ̀nà kejì ni ó kàn wá jù. Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé ẹnikẹ́ni tí ó bá yege nínú ìdánwò òun yóò gba oyè òun, ìbáà ṣe pé onítọ̀hún kò fi ẹsẹ̀ kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rí. Fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yunifásítì kì í ṣe láti kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dán an wò. Bí ó bá fẹ́ olùkọ́, kí ó wá olùkọ́ fúnra rẹ̀.

Níbi tí àǹfààní bá ṣí sílẹ̀ báyìí, oníṣòwò kì í pẹ́ débẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi lẹ́tà kọ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: University Correspondence College ti Cambridge ní 1887, Wolsey Hall ti Oxford ní 1894, Rapid Results College ní 1928. Orúkọ Wolsey Hall àti Rapid Results kò ṣàjèjì sí àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ nílẹ̀ wa nígbà ayé ìjọba amúnisìn. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi owó ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ yóò fi ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ránṣẹ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn ìbéèrè náà ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́, yóò sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà kí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lójú lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé lẹ́tà láti Èkó dé Liverpool a máa lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun, á sì tún lo bí ọ̀sẹ̀ méjì ní bíbọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀kọ́ kan rú lójú lónìí yóò dúró ju oṣù kan lọ kí àlàyé tó dé, bí àlàyé náà bá sì fi máa dé, ó ti bá ẹ̀kọ́ mìíràn rìn jìnnà.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó gba ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Baba rẹ̀ kú ní 1920, kò sì sí ẹni tí yóò rán an lọ sí òkè òkun. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò. Láàárín gbogbo èyí ni ó ti ń kàwé nílé ara rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọdún 1944 ni ó sì gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìtíì fi ojú kan Lọ́ńdọ̀nù rí. Ọdún yẹn kan náà ni ó wá wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin.

Ìtàn bí èyí wú ni lórí, àwọn olùkọ́ sì máa ń fẹ́ràn láti sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni àwọn tí kò lè wọ ẹnu ibodè náà. Kí ènìyàn tó lè kàwé lórí lẹ́tà, ó ní láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àgbọ́yé. Ó ní láti gbé ibi tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Ó ní láti ní owó tí yóò san sí òkè òkun, owó ìwé, owó ìdánwò, owó kẹrosíìnì tí yóò fi tan àtùpà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ń gba owó oṣù ni ọ̀nà náà ṣí fún. Ta ni ó sì ń gba owó oṣù ní àkókò yẹn? Akọ̀wé ìjọba, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òyìnbó, olùkọ́ iléèwé ìjọ, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àwọn wọ̀nyí pọ̀ ní etí òkun àti ní ibi tí àwọn ìjọ ti kọ́ iléèwé sí. Ní ilẹ̀ Hausa, níbi tí ìjọba amúnisìn ti dí àwọn oníwàásù lọ́wọ́ láti dá iléèwé sílẹ̀ bí ó ṣe wù wọ́n, wọn kò tó nǹkan. Àwọn obìnrin kò tó nǹkan níbikíbi. Lẹ́tà kì í yan ẹni tí yóò lọ bá. Ẹni tí ó lè ra sítáǹbù ni ó ń yàn.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ètò Lọ́ńdọ̀nù yìí tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ péye. Ìdánwò tí akọ̀wé ń ṣe ní Èkó ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kàwé nílé ń ṣe ní Manchester, oyè kan náà sì ni. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé Yábàá. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá sílẹ̀, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1932, wọ́n sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní 1934. Ó ní ilé, ó ní olùkọ́, ó ní yàrá ìṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ nìkan ni ó ń fúnni, kì í ṣe oyè, ẹsẹ̀ ìwé-ẹ̀rí náà kò sì rìn kọjá Nàìjíríà. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ń ṣe igbákejì fún òyìnbó tí kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement ní 1934. Ẹni tí ó jókòó níwájú olùkọ́ ní Yábàá ní ẹ̀kọ́ ṣùgbọ́n kò ní oyè. Ẹni tí ó ń dá kàwé lábẹ́ àtùpà lè gba oyè ṣùgbọ́n kò ní olùkọ́. A ó rí i níwájú pé oníbodè kejì yìí, èyí tí ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà àbájáde láti yẹ ìwé-ẹ̀rí wò, kò kúrò nílẹ̀ yìí fún ọdún pípẹ́.

Ní 1948 ni University College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí ó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun nígbà ogun Hitler. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí ó wá láti Yábàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni Ìbàdàn náà ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí di 1962 tí ó fi dá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 fún gbogbo Nàìjíríà! Kò yà wá lẹ́nu pé àwọn akọ̀wé kò pa àtùpà wọn.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ní 1959, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí Sir Eric Ashby ṣe alága rẹ̀ láti wádìí iye àwọn ọ̀mọ̀wé tí orílẹ̀-èdè yìí yóò nílò. Ìgbìmọ̀ náà mú ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960. Àwọn tí ó ń kà nípa ìròyìn Ashby fún ìdánwò sábà máa ń rántí pé ó dámọ̀ràn yunifásítì tuntun. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ni pé ó dámọ̀ràn pé kí yunifásítì tí yóò wà ní Èkó máa kọ́ni ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì máa fi lẹ́tà kọ́ni títí dé ojú oyè. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Apá tí ó kan lẹ́tà sùn sínú ìwé títí di ọdún 1974, nígbà tí yunifásítì náà dá ẹ̀ka Correspondence and Open Studies Unit sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó wà láàárín ìmọ̀ràn àti iṣẹ́. Láàárín ọdún wọ̀nyí, owó ìjọba ń lọ sí ilé ńláńlá, gbọ̀ngàn àpéjọ àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ènìyàn lè fi ilé han àlejò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ya àwòrán lẹ́tà tí ó dé abúlé.

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́ tí ó wà nínú wa, kì í ṣe yunifásítì ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá pé ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn lè dé ọ̀dọ̀ tálákà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọdé, irú èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ọmọ dé, àga kò tó, olùkọ́ kò tó rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní ìwé-ẹ̀rí Grade II. Bí a bá kó gbogbo wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ? Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná. Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ yìí ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún Grade II níbi iṣẹ́ wọn. Ní 1990 ó bẹ̀rẹ̀ ti N.C.E.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, ní èdè tí ó rọrùn, tí ẹni tí ó ń dá kà á yóò fi lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ìwé náà sílẹ̀ lásán. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò ìsinmi, nígbà tí iléèwé bá ṣófo, àwọn olùkọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdé nínú iléèwé kan tí kò jìnnà sí wọn, olùkọ́ tí ó jù wọ́n lọ yóò sì wá ṣàlàyé ohun tí ó ta kókó. Wọn kò kọ́ ilé tuntun. Àga tí ọmọdé fi sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ni àgbà jókòó lé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá ọlọ́mọ tí kò lè fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta rí ọ̀nà. Olùkọ́ tí ó wà ní ìletò tí ọkọ̀ kì í dé ní ìgbà òjò rí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ni ó jẹ́ pé olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní a, b, d gba ibẹ̀ kọjá. A kò ní sọ pé kò ní àbùkù: ìwé a máa pẹ́ kí ó tó dé, èsì ìdánwò a sì máa sọnù. Ṣùgbọ́n oníbodè kò gbowó gọbọi níbẹ̀, nítorí pé ìjọba ti ronú nípa ibi tí ènìyàn yóò jókòó sí àti ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ní 1977 ni ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí jáde. Ó sọ pé ìjọba yóò sa gbogbo ipá kí ẹni tí ó lè jàǹfààní ẹ̀kọ́ gíga lè rí i gbà, ìbáà jẹ́ nínú yunifásítì, lórí lẹ́tà, tàbí ní yunifásítì tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1978, ìjọba dá JAMB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò àṣewọlé kan ṣoṣo fún gbogbo yunifásítì. Yunifásítì ti di mẹ́tàlá nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn pọ̀ ju àyè lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìwé kan ṣèlérí ọ̀nà tí ó gbòòrò, òfin kan sì fi oníbodè tuntun sẹ́nu ọ̀nà tóóró. Kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé ń wò nígbà náà ni Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gba àṣẹ ní 1969, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1971, pẹ̀lú ìwé, lẹ́tà, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fẹ́ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1983, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá National Open University sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì tí àwa tí ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí ìwé rẹ̀ lórí àṣà Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò fi ọmọlúwàbí sí ìdí iṣẹ́ náà.

Ìjọba ológun gba ìjọba ní òpin ọdún náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari dá yunifásítì náà dúró. Ìdí tí ó sọ ni pé kò sí owó, àti pé àwọn ohun èlò tí irú ètò bẹ́ẹ̀ nílò kò sí nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí wọn. Owó epo ti wálẹ̀, gbèsè ti pọ̀, lẹ́tà kì í sì í tètè dé, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná kì í dúró. Ohun tí ìjọba wí nípa iná àti lẹ́tà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tiwa ni pé ẹ̀bi iná àti lẹ́tà ni wọ́n dì ru ilé-ẹ̀kọ́. Kàdúná ń fi ìwé kọ́ olùkọ́ nínú òkùnkùn kan náà, kò sì kú. Ní 1985, ọdún kan péré lẹ́yìn tí a ti tiwa, orílẹ̀-èdè India dá Indira Gandhi National Open University sílẹ̀. Ìlú wọn kò lọ́rọ̀ ju tiwa lọ nígbà náà, iná wọn náà ń ṣẹ́jú. Lónìí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wà lára àwọn tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ lágbàáyé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni tiwa fi sùn.

Láàárín oorun yìí, àwọn ènìyàn wá ọ̀nà mìíràn, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò oyè fún àwọn tí kò gbé inú ọgbà ní 1988; Yunifásítì Àbújá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, gba ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn yunifásítì kan ń ṣí ẹ̀ka kéékèèké káàkiri ìgboro, pàápàá ní Èkó, nínú ilé alájà àti iléèwé tí wọ́n yá lò. Owó ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, ìjọba sì ti wọ́n pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2001, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí National Open University dìde. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kàwé nípa ẹ̀kọ́ ìsìn Kìrìsìtẹ́nì títí dé ojú oyè Ọ̀mọ̀wé, èyí tí ó gbà ní 2018, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wúlò: ẹnu kò tún lè pe ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ilé àwọn tí kò rí ibi wọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí a mọ̀ sí NOUN, kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣe ìdánwò JAMB. Ẹni tí ó bá ti yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí ó yẹ nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá lè wọlé, ì báà jẹ́ ẹni ogún ọdún tàbí ẹni ọgọ́ta. Oníbodè ẹnu ọ̀nà ti dìde. Ṣùgbọ́n oníbodè ẹnu àbájáde ṣì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Yábàá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó gba oyè NOUN kò rí ọ̀nà lọ ṣe àgùnbánirọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń béèrè ìwé àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó gbani. Àwọn tí ó kàwé òfin nínú wọn kò rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò wọ̀, a ní ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ojúkojú. Wọ́n san owó, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n gba oyè tí òfin orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí, a sì ní kí wọ́n dúró síta. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n tún òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe kí ó lè bá àwọn yunifásítì yòókù dọ́gba. Ààrẹ tí ó fọwọ́ sí i ni Muhammadu Buhari, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1984. Ìtàn kì í sábà fún ènìyàn láàyè láti tún iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe báyìí.

Nígbà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti gbalẹ̀. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì MainOne gba abẹ́ òkun dé Èkó ní 2010, ṣùgbọ́n etí òkun ni okùn máa ń gúnlẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí ń gbé lẹ́tà ti máa ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ó bá jìnnà sí etí òkun ni íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń fà. JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìdánwò orí kọ̀ǹpútà wò ní 2013, ó sì sọ gbogbo ìdánwò náà di ti kọ̀ǹpútà ní 2015. Èyí dín màgòmágó kù, èsì sì ń yára dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí iléèwé rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e, nínú ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti fi òru rìnrìn-àjò. Àwọn tí ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò yìí ti lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dọọdún fún bí ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí ń rí àyè kò tó ìdajì wọn.

Ọdún 2020 ni ó fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ní oṣù kẹta, àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ó gùn títí di oṣù kejìlá. Àwọn yunifásítì aládàáni kó ẹ̀kọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò sì pàdánù ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba jókòó sílé. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá: oṣù mẹ́jọ gbáko. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò sí. Ẹ̀rọ wà, ó sì ṣiṣẹ́ fún ẹni tí òbí rẹ̀ lè sanwó. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì àti ìjọba, ẹ̀tọ́ wà ní ọwọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì, a kò sì ní dá ẹjọ́ wọn níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní yóò sọ ọmọ tálákà àti ọmọ olówó di ẹgbẹ́ ni ó jẹ́ kí ọmọ olówó fi ọdún kan ṣáájú.

Àbí kí ni akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti ní? Fóònù tí ó dára tàbí kọ̀ǹpútà, dátà tí ó tó láti wo olùkọ́ fún wákàtí méjì, iná tí yóò gba agbára sí ẹ̀rọ, tàbí owó epo jẹnẹrétọ̀ bí iná kò bá sí, àti igun ilé kan tí kò sí ariwo. Ẹ fi wé ohun tí akọ̀wé ọdún 1940 ní láti ní, ẹ ó rí i pé kẹrosíìnì nìkan ni ó yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àlàyé tí ó ń gba oṣù kan tẹ́lẹ̀ lè dé láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àlàyé náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí dátà rẹ̀ tán.

Ibi tí NOUN ti ṣe dáadáa jù ni ibi tí ó ti rìn lójú ọ̀nà Kàdúná. Ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ju 100 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìdánwò, tí ó ti ń rí òṣìṣẹ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ṣí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n sì ń gba oyè níbẹ̀. Bí ibùdó bá ní iná, tí ó ní kọ̀ǹpútà, tí ó ní ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́, ẹni tí kò ní nǹkan nílé lè jókòó síbẹ̀ kàwé. Bí kò bá ní wọn, ilé ìdánwò lásán ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, NOUN ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, wọn a sì gbà á ní ibùdó. Lẹ́yìn náà, ìwé náà di ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kódà ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú fóònù kéré, iná a máa lọ, ọ̀pọ̀ kò sì lè ka ojú ewé igba lórí gíláàsì. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìwé ọ̀fẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní ìgboro, yóò ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun sórí bébà, yóò sì san owó rẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn kò sí nínú ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ kankan.